Àbẹ́là Lẹ́yìn Mọ̀mí

Láti ọjọ́ tí ọmọ Mọ̀mí ti pè láti Kánádà pé fíìsà ìyá òun ti jáde ni ara mi ò ti gba ìjókòó mọ́. Màá jókòó ti ìwé tí mo fẹ́ rán, màá fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, màá tún dìde. Màá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò, bẹ́ẹ̀ n ò retí ẹnì kankan. Iṣẹ́ ìdìwé ni mo ń ṣe ní Ṣómólú. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ sùúrù ni, sùúrù gan-an sì ni Ọlọ́run ò bù fún mi púpọ̀. Lọ́sẹ̀ tí ìpè yẹn dé, mo lẹ èèpo ìwé orin ìjọ kan mọ́ ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé. Oníbàárà náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ èmi náà wò, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí wàhálà o?" Mo ní kò sí. Ó wà.

Ohun tó wà ni pé Mọ̀mí ń lọ, ijó kan ṣoṣo sì kù lọ́wọ́ wọn tí wọn ò tíì fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ kò mí lójú pé bí mo bá ń jó o bí mo ṣe ń jó o yìí, àwọn máa gbé e wọ bàálù lọ ni, kí n má sì fi orúkọ àwọn pè é lẹ́yìn àwọn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Mọ̀mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ọ̀hún, tí wọ́n ti dolóògbé, ló dá ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ náà sì gbé wọn dé Peru, lápá ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà. Létí òkun níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan tó ń ta ẹja díndín. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé Yorùbá ni àwọn fi kí i, torí ojú rẹ̀ jọ ojú àwọn ìbátan wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn rò pé ó kàn ń díbọ́n pé òun ò gbọ́ ni. Ọmọbìnrin náà ò gbọ́ nǹkan kan nínú ìkíni yẹn. Ẹja ló gbé lé wọn lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi níléèwé pé àwọn adúláwọ̀ wà ní Peru. Lẹ́nu Mọ̀mí ni mo ti gbọ́ pé wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú kọjá òkun lọ síbẹ̀, pé oko ìrèké ni wọ́n lò wọ́n sí, pé àwọn ọ̀gá ò sì fẹ́ gbọ́ ìró ìlù kankan létí wọn. Wọ́n gba ìlù. Àwọn ẹrú náà bá gbé àpótí tí wọ́n fi ń kó èso kalẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń fi ọwọ́ lù ú láàárín ẹsẹ̀ wọn. Kò sí ọ̀gá tó lè gba àpótí, torí inú àpótí yẹn ni èrè òun náà wà. Títí di òní, àpótí ni ìlù wọn.

Irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹrù tí Mọ̀mí gbé wọ Èkó. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan náà wà níbẹ̀. Eyín inú rẹ̀ ti gbẹ débi pé bí èèyàn bá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a, gbogbo rẹ̀ á máa mì pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀, orin sì nìyẹn. Wọ́n fi í kọ́ ara ògiri pálọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: egungun lára ògiri ilé ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ṣómólú. Bàbá mi sọ pé ìyá Mùsùlùmí kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn, ò gba iwájú pálọ̀ náà kọjá fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde. Àwọn ará ìjọ tiwa náà kóra jọ wá gbàdúrà. Mọ̀mí jókòó, wọ́n ṣe àmín síbi tó yẹ. Nígbà tí àdúrà parí, wọ́n mú egungun náà sọ̀kalẹ̀, wọ́n fi lu orin ìyìn fún àwọn àlejò wọn. Bàbá mi ní alàgbà tó gbàdúrà náà ló kọ́kọ́ dìde jó.

Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Ìgbà tí wọ́n bí mi, ìlù ni mo ń lù kiri: mò ń lu tábìlì, mò ń lu àwo, mò ń lu ẹ̀yìn ọmọ tó bá jókòó níwájú mi ní kíláàsì. Ìyá mi nà mí títí ó fi sú wọn. Mọ̀mí ló dá sí i. Wọ́n ní, "Má nà án mọ́. Gbé e fún mi, mo mọ ohun tó ń ṣe é." Yorùbá ẹnu Mọ̀mí dùn, ti Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé tí wọ́n kọ́ lẹ́nu ọkọ, àmọ́ wọn ò fi ẹ̀yin pe ẹnì kan ṣoṣo rí. Ìwọ ni gbogbo èèyàn lẹ́nu wọn, títí dórí onílé, ara sì ti mọ́ onílé.

Bí mo ṣe di ọmọ ẹ̀yìn wọn nìyẹn. Wọ́n kọ́ mi pé àárín àpótí ni ohùn tó nípọn wà, pé etí rẹ̀ lókè ni ohùn tó mú wà, pé kí n má fi agídí lù ú. Wọ́n kọ́ mi ní ijó tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, àti èyí tó falẹ̀ tó jẹ́ pé ìbàdí ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lù níwájú ilé, àwa ń lù ní ẹ̀yìnkùlé. Mọ̀mí máa ń sọ pé ẹ̀rọ yẹn ló jẹ́ kí Èkó mọ́ àwọn lára, pé ẹsẹ̀ àwọn ti ń dá a lóhùn kí ẹnu àwọn tó lè kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Mo rò pé torí ẹ̀ náà ni mo ṣe dúró ti iṣẹ́ ìwé, èmi tí ara mi kì í dúró ti nǹkan kan.

Nígbà tí mo dàgbà, tí mo kó lọ sí Bàrígà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó káàkiri àdúgbò jọ. Káfíńtà kan lápá etí ọ̀sà, tó ń kan àpótí sípíkà fún àwọn olórin, ló kan àpótí tiwa. Ó ti mọ irú pákó tí kì í di ohùn mọ́nú. Lọ́sàn-án Sátidé, a ó rọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé Mọ̀mí ní Ṣómólú. Àwọn ọmọ Bàrígà ò lè jó ijó ẹlòmíì kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ ìgboro tiwọn há a láàárín. Èmi ni mo máa ń bínú. Màá dá àpótí dúró, màá ní, "Kò sí ìyẹn níbẹ̀. Ẹ tún un ṣe." Mọ̀mí á máa rẹ́rìn-ín lórí àga wọn. Wọ́n á ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tiwọn ni. Bí ìyá mi bá rí tèmi gan-an, ó máa ní kí n tún un ṣe." N kì í fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan yẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa yẹ̀, tí ẹnì kan bá wá béèrè lọ́wọ́ mi lọ́la pé kí ni Mọ̀mí gbé wá láti òkè òkun, n ò ní rí nǹkan kan nà sí i.

Mọ̀mí kì í le sí wa lórí nǹkan kan, àfi ijó kan ṣoṣo. Ní èdè wọn, orúkọ ẹyẹ òkun kan ni wọ́n fi ń pè é. Àwa ń pè é ní ijó iná. Ìwé gígùn la máa ń so mọ́ ìdí ẹnì kan lẹ́yìn, bí ìrù. Ẹnì kejì á mú àbẹ́là tó ń jó lọ́wọ́, á máa jó tẹ̀ lé e, á máa wá bó ṣe máa fi iná kan ìrù náà. Ẹni tó ní ìrù ò gbọdọ̀ sá, kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ dí i. Ìdí ló máa fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀: á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á fi tan iná náà jẹ. Bí ìwé bá gba iná, wọ́n á pa á kíá, àwọn tó ń wòran á hó, àwọn méjèèjì á sì pààrọ̀ àyè.

Ní ti ìwé, inú Ṣómólú la wà. Àgékù tó ń jábọ́ nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé ò lópin, a sì dán gbogbo rẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn ń jó tán kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Èyí tó ń dán, tí wọ́n fi ń ṣe kàlẹ́ńdà, kì í fẹ́ jó, èéfín lásán ló ń rú sí wa lójú. Ìwé funfun tí wọ́n fi ń tẹ ìwé àwọn ọmọ iléèwé ló bá a mu: ó máa ń rò ó díẹ̀ kó tó gbà, ó ń fún èèyàn láyè láti bẹ̀rù.

Ìwé kọ́ ni wàhálà wa. Àwa fúnra wa ni. Láti kékeré, bí Mọ̀mí bá so ìrù mọ́ra, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, tí wọ́n ní kí n máa bọ̀, ọwọ́ mi á rọ̀. Mo ń jó lóòótọ́, mo ń lé wọn yí ká àgbàlá, àmọ́ àbẹ́là náà kì í kọjá ibì kan. Ta ló tọ́ mi dàgbà pé kí n máa dáná sun ìdí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi? Nílé wa, ọwọ́ òsì lásán, èèyàn ò gbọdọ̀ nà án sí àgbà, ká má tíì sọ ti iná. Mọ̀mí á dúró, wọ́n á bojú wẹ̀yìn. "O ń fi àbẹ́là kí mi ni. Mi ò ní kí o kí mi."

Bí mo ṣe ṣe sí wọn ni àwọn ọmọ Bàrígà ṣe sí mi. Láàárín ara wọn, wọ́n á sun ara wọn bí ẹni sun iṣu. Tó bá kàn mí, ó parí. Onídìrí kan wà láàárín wọn, ọmọ Mùsùlùmí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, òun ló mọ ijó jù nínú gbogbo wọn, òun náà ló sì mọ ìkúnlẹ̀ jù. Ì báà jẹ́ inú ẹrẹ̀ ló ti rí mi, ó máa kúnlẹ̀. Bó bá fi àbẹ́là lé mi débi tó yẹ kó ti sun mí, eékún rẹ̀ á tẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí," á sì fẹ́ iná náà pa.

Bẹ́ẹ̀, nílé ìyá Mọ̀mí, ẹni tó kọ́ ijó yìí ò tíì ní in títí dọjọ́ tó bá sun ìrù ẹni tó kọ́ ọ. Kì í ṣe pé kí wọ́n dúró fún un kó sun ún o. Ó gbọ́dọ̀ lé e bá. Mọ̀mí ti sun ti ìyá wọn kí wọ́n tó pàdé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, èmi sì ti ń di àgbà obìnrin báyìí, n ò tíì sun nǹkan kan. A máa ń fi í ṣe àwàdà. A rò pé ọjọ́ ṣì wà níwájú.

Lẹ́yìn òjò kan ni Mọ̀mí yọ̀ lórí táìlì ẹ̀yìnkùlé, tí egungun ìbàdí wọn dá. A gbé wọn lọ sí Igbóbì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n fi irin sí i. Èmi ni mo dúró tì wọ́n. Wọ́n sùn sílẹ̀, ìka wọn ń lu irin ibùsùn láti àárọ̀ dalẹ́, ìka tèmi ń lu irin tó wà lápá ọ̀dọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá ara àwa méjèèjì yá. Mo ní bí a ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Mọ̀mí máa lọ sílé, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní wọ́kà ni wọ́n fi ń rìn, ìbàdí tó máa ń tan iná jẹ sì ti di ohun tí à ń fi ọwọ́ tì lẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ wọn ní Kánádà ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ìyá òun máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

Kí wọ́n tó lọ, mo kó àwọn ọmọ Bàrígà wá jó fún wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé nǹkan wọn wà lọ́wọ́ wa. Mo ti fìyà jẹ àwọn ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí ẹsẹ̀ tó yẹ àti èyí tí kò yẹ, wọ́n sì jó débi pé àwọn tó ń tẹ̀wé pa ẹ̀rọ wọn, wọ́n wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mọ̀mí ń mi orí. Inú mi dùn. A wá dé orí ijó iná. Èmi ni mo so ìrù, onídìrí mú àbẹ́là. Ó lé mi, ó lé mi dáadáa, ó dé ibi tó máa ń dé. Eékún rẹ̀ tẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí." Ó fẹ́ ẹ pa.

Mọ̀mí fi wọ́kà lu ilẹ̀. Àpótí dákẹ́.

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi."

"Kí la ṣe, Mọ̀mí?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn."

"Ọmọ yẹn bọ̀wọ̀ fún mi ni."

"Mo rí i. Ìwọ náà, láti kékeré lo ti ń bọ̀wọ̀ fún mi. Bí gbogbo yín bá ń bọ̀wọ̀, ta ló máa wá sun ta?" Wọ́n wo gbogbo wa yí ká. "Àwọn ijó tó kù, tiyín ni, ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n èyí, bó bá jẹ́ báyìí ni ẹ ó máa jó o, ẹ má pè é ní tèmi. Ẹ má pè é ní ti ìyá mi. Màá gbé e lọ."

Orí mi gbóná. N kì í fèsì sí Mọ̀mí, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn mo fèsì. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n dáná sun yín pẹ̀lú irin tó wà nínú ìbàdí yín ni?"

Wọ́n ní, "Irin kì í jóná."

Láti ìgbà náà, tí ìpè fíìsà yẹn sì tún wá dé lé e, n ò ní ìsinmi mọ́. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Bàrígà dé Ṣómólú láràárọ̀ dípò kí n wọ kẹ̀kẹ́, torí nínú kẹ̀kẹ́ mo gbọ́dọ̀ jókòó. Lálẹ́, ọkọ mi gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹun, àwọn ò fẹ́ gbọ́ orin. Mo lọ sétí ọ̀sà, mo dúró níbi tí àwọn apẹja ti ń tú àwọ̀n, mo wo omi yẹn títí, omi náà ò sọ nǹkan kan fún mi, mo bínú sí òun náà, mo padà sílé. Ìgbà tó ṣe, mo ra àbẹ́là. Mo so ìwé mọ́ ẹ̀yìn àga oúnjẹ, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń lé àga kiri inú pálọ̀. Mo sun ún láìṣojo. Àga kì í ṣe àgbà ẹnikẹ́ni.

Mo gbìyànjú láti bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní ijó lásán ni, ìwé lásán ni, kí wọ́n máa gbé e lọ, àwọn tó kù ṣì wà. Kò wọ̀ mí létí. Mo mọ̀ pé èyí ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Àwọn tó kù, èèyàn lè kọ́ wọn lórí fóònù. Èyí, àfi kí ẹnì kan jẹ́ kí ẹlòmíì súnmọ́ òun pẹ̀lú iná.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìrìn àjò wọn, mo dé Ṣómólú lọ́sàn-án. Àwọn àpò ti wà nílẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n ti fi okùn di ọ̀kan tó ń bẹ́. Mo gbọ́ àpótí láti ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ láìdúró dè mí, inú sì ti ń bí mi kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mọ̀mí ni mo bá lórí ìdúró. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di wọ́kà mú, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, ìrù ìwé wà nídìí ìró wọn, wọ́n ti fi píìnì mú un. Onídìrí ló ń lu àpótí. Àwọn tó kù fara ti ògiri, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá rí garawa omi kan nílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré.

"Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ ó ṣubú."

"Bí mo bá ṣubú, wọ́n mọ̀ mí ní Igbóbì. Mú àbẹ́là."

Mo mú un. Ẹnì kan tàn án fún mi. Mo jó tẹ̀ lé wọn bí mo ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ mi ò kọjá ibi tí kì í kọjá. Mọ̀mí ò tiẹ̀ mira. Wọ́n ní, "O tún ń kí mi." Mo tún un ṣe. Wọ́n ní, "Ẹ ǹlẹ́ o." Àwọn ọmọ tó fara ti ògiri wolẹ̀.

N ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà náà, àfi kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Inú bí mi. Inú bí mi pé wọ́n ń lọ. Inú bí mi pé wọ́n gbà mí lọ́wọ́ ẹgba ìyá mi, wọ́n sọ ara mi tí kì í dúró di nǹkan tó wúlò, wọ́n wá fẹ́ fi mí sílẹ̀ ní Ṣómólú pẹ̀lú àpótí kan, kí wọ́n máa lọ jókòó sínú yìnyín níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n. Mo na ọwọ́ mi. Mo nà án dé ibi tí n ò nà án dé rí.

Ìbàdí tí wọ́n fi irin sí yí. Iná mi kan afẹ́fẹ́.

Mo gbọ́ tí Mọ̀mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré inú imú tí wọ́n máa ń rín bí mo bá lu àpótí dáadáa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo tún nà án sósì, wọ́n gbé e lọ sọ́tùn-ún. Ẹsẹ̀ wọn ò kúrò lójú kan, ọwọ́ wọn ò kúrò lórí wọ́kà, ìdí yẹn nìkan ló ń sọ fún mi pé n ò ní lè sun òun. Onídìrí ti mú àpótí le sí i láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Òógùn bò mí lójú. Mo gbàgbé irin, mo gbàgbé Igbóbì, mo gbàgbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo fẹ́ sun wọ́n. N ò fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ṣe bí ẹni tó ń lọ sọ́tùn-ún, wọ́n gbà á gbọ́, mo bọ́ sósì, mo fi iná kan ìwé náà.

Ó rò ó díẹ̀ bó ṣe máa ń rò ó. Ó gbà. Ó gun òkè ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì mú ìró wọn. Mo ju àbẹ́là nù, mo fi ọwọ́ òfìfo gbá a, gbá a, onídìrí fò kúrò lórí àpótí, ó gbé garawa omi náà sókè, ó dà á lu àwa méjèèjì pọ̀. Òórùn ìwé jíjóná àti aṣọ tútù gba àgbàlá kan. Mọ̀mí di wọ́kà mú, omi ń kán lára wọn, gbogbo ara wọn ń gbọ̀n.

"Mọ̀mí, ṣé ó jó yín? Mọ̀mí, ẹ dá mi lóhùn."

Wọ́n yíjú sí mi. Omijé wà lójú wọn, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo sun ìyá mi, báyìí ló ṣe gbọ̀n. Mo rò pé mo ti ṣe é léṣe ni." Wọ́n fi ìka tọ́ ibi tó jóná lára ìró wọn, wọ́n gbóòórùn ìka náà. "Lọ mú egungun yẹn sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Máa gbé e lọ sílé rẹ."

Mo ti ra aṣọ tuntun tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí Kánádà. Wọn ò wọ̀ ọ́. Ìró tó jóná yẹn ni wọ́n ró lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì yí ibi tó lu síwájú kí gbogbo èèyàn lè rí i. Níbi tí a ti dúró, ọmọ wọn pè wá lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, ó ní kí ló bá aṣọ ìyá òun. Mọ̀mí gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ìró náà sókè sí i. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló sun ún." Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sunkún bí ọmọdé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àga wọn ṣófo ní ẹ̀yìnkùlé. Ara mi ò gba ìjókòó, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi kú àárò. Mo so ìrù mọ́ ìdí mi, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Onídìrí mú àbẹ́là. Ó lé mi yí àgbàlá ká, mò ń yí ìdí mi, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó dé ibi tó máa ń dé. Mo bojú wẹ̀yìn díẹ̀, mo rí i tí eékún rẹ̀ ń tẹ̀. Mo ní, a tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ tán pátápátá. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí." Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, ó na àbẹ́là náà láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìdí mi ò lè tàn án jẹ, ó sì sun mí.

Kò sí ìkúnlẹ̀ nínú ijó Mọ̀mí. N ò dá àpótí dúró. Ẹnì kan da omi lé mi nídìí, àwọn ọmọ ń hó, onídìrí ṣì wà lórí eékún rẹ̀, ó ń wò mí tẹ̀rù-tẹ̀rù bóyá òun ti ṣe mí léṣe. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò ṣe mí ní nǹkan kan, àmọ́ gbogbo ara mi ń gbọ̀n.